Kí ló dé tí tíráàmù ọ̀fẹ́ Las Vegas kì í kọjá ojúlé olówó rẹ̀?

Lọ́jọ́ keje oṣù Keje ọdún 2024, ooru mú ní Las Vegas títí ó fi dé ìwọ̀n 48.9 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n ooru ìlú náà sílẹ̀, kò tíì tó bẹ́ẹ̀ rí. Aginjù ló yí ìlú náà ká, ní ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àlejò tó wọ ibẹ̀ lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù 41. Ojú pópó kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá wá: Las Vegas Boulevard, níbi tí wọ́n ń pè ní Strip, tó gùn tó bíi kìlómítà 7. Òtẹ́ẹ̀lì ló tò lọ́tùn-ún lósì, ilé tẹ́tẹ́ sì wà nísàlẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àlejò á yọjú lójú fèrèsé, á rí òtẹ́ẹ̀lì kejì bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ẹ jẹ́ kó wá gbéra. Á rìn, á làágùn, òtẹ́ẹ̀lì náà kò ní tíì dé. Àwọn ilé náà tóbi débi pé wọ́n ń tan ojú jẹ.

Ní ìparí Strip lápá gúúsù, ní òtẹ́ẹ̀lì Mandalay Bay, ọ̀nà kan wà tí ẹsẹ̀ fi lè sinmi: tíráàmù. Èèyàn á gòkè lọ sí ibùdó kan, kò ní bá ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré márùn-ún tí wọ́n so mọ́ra wọn á yọ, ilẹ̀kùn á ṣí, wọ́n á wọlé, ilẹ̀kùn á pa dé. Ẹni tó bá sún síwájú kó lè wo dírẹ́bà kò ní rí ẹnì kankan, àfi gíláàsì àti ojú irin tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ á gba iwájú Luxor kọjá, ilé dúdú tí wọ́n kọ́ bíi pírámíìdì Íjíbítì, tí ère Sphinx ràbàtà lúgọ síwájú rẹ̀. Kò pẹ́, ó ti dé Excalibur, ilé tí wọ́n kun ṣóńṣó òrùlé rẹ̀ ní pupa àti búlúù bí ààfin inú ìwé ọmọdé. Gbogbo ìrìn náà jẹ́ bíi mítà 840, kọ́bọ̀ kò sì jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ló parí sí. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ síwájú, kó máa fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀rọ̀ bí àlejò ṣe ń rìn lórí Strip ti wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òtẹ́ẹ̀lì Mirage tó ní tíráàmù tirẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn. Monorail, ọkọ̀ tó ń rìn lórí afárá tóóró kan ṣoṣo, tó ń gba ẹ̀yìn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ti ń darúgbó. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Elon Musk ń gbẹ́ ń gbòòrò sí i. Wọ́n sì ń kọ́ pápá ìṣeré baseball tí yóò gba èèyàn bíi 33,000 síbi oríta tí tíráàmù Mandalay Bay ti ń sinmi gan-an. Kí ìwọ̀nyí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí tíráàmù náà jẹ́.

Bíi garawa inú kànga

Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ rántí garawa inú kànga. Garawa kò lágbára tara rẹ̀, ẹni tó dúró létí kànga ló ń fa okùn. Ẹ wá mú kànga náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ fi mọ́tò iná mànàmáná rọ́pò ẹni tó ń fa okùn, ẹ sì fi wáyà irin tí wọ́n lọ́ mọ́ra ṣe okùn náà. Mọ́tò yìí wà ní ìparí ojú ọ̀nà kan, ó ń yí kẹ̀kẹ́ ràgàjì kan. Wáyà lọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sí ìparí kejì, ó yí kẹ̀kẹ́ mìíràn po níbẹ̀, ó sì padà wá. Ọkọ̀ rọ̀ mọ́ wáyà pinpin. Bí mọ́tò bá yí síhìn-ín, ọkọ̀ ń lọ. Bó bá yí sọ́hùn-ún, ọkọ̀ ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ ìgbà tí yóò sáré, ìgbà tí yóò rọra, àti ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Òṣìṣẹ́ tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ wà ní yàrá kan.

Àwọn tó bá ń gun lífítì ilé gíga ti mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ láìfura. Lífítì náà kò ní dírẹ́bà, wáyà ló ń fà á, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ní Las Vegas ni pé wọ́n mú lífítì, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì nà án láti ilé kan dé ìkejì.

Nígbà tí ọkọ̀ kò ti gbé ẹ́ńjìnnì, ó fúyẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì fúyẹ́, afárá tó gbé e kò ní láti nípọn, òpó rẹ̀ kò sì ní gba àyè púpọ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Ariwo rẹ̀ kéré. Ohun tó sábà ń yọnu nínú ọkọ̀, ìyẹn mọ́tò àti àwọn ẹ̀rọ tó yí i ká, wà lójú kan níbi tí ẹni tó ń tún un ṣe lè dúró lábẹ́ òrùlé. Wáyà náà ní tirẹ̀: ó máa ń nà bó ṣe ń pẹ́, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á tún un so, bó bá sì tó àkókò wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sábẹ́ NEPA: bí iná bá lọ ńkọ́? Ọkọ̀ á dúró síbi tó bá a. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń fi ẹ́ńjìnnì dísù sí ìpamọ́ tí yóò fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fà á dé ibùdó.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Bí ọkọ̀ kan bá rọ̀ mọ́ wáyà kan, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni ẹni tó dúró ní ibùdó á ṣe máa pẹ́ sí i. Ní Mandalay Bay, ojú irin méjì ni wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ bí èkejì bá dákẹ́. Ó tó fún ọ̀nà tí kò pé kìlómítà kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ jìnnà gbọ́dọ̀ ṣe ọkọ̀ tó lè jù wáyà kan sílẹ̀ kó sì gbá òmíràn mú lójú ọ̀nà. Irú èyí ni wọ́n ṣe sí Oakland ní California, láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin BART dé pápákọ̀ òfuurufú. Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i, ó sì gùn tó kìlómítà 5. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wáyà kò lè fa ọkọ̀ jìnnà ni tíráàmù Las Vegas fi kúrú bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà á.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1873, Andrew Hallidie fi wáyà fa ọkọ̀ gun òkè Clay Street ní San Francisco, níbi tí ẹṣin ti ń yọ̀ ṣubú. Àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń rìn níbẹ̀ dòní. Wáyà wọn ń sáré lábẹ́ títì láìdúró, ní bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan, èèyàn sì ni ó ń fi irin gígùn kan gbá a mú tàbí jù ú sílẹ̀. Ti Las Vegas ló yàtọ̀: wáyà fúnra rẹ̀ ló ń gbéra, òun náà ló ń dúró. Doppelmayr, ilé-iṣẹ́ kan ní Wolfurt lórílẹ̀-èdè Austria, ló ṣe é. Wáyà tó ń gbé àwọn tó ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín gun òkè ni wọ́n fi lókìkí. Tíráàmù Mandalay Bay ti ọdún 1999 sì ni àkọ́bí irú ọkọ̀ orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cable Liner. (Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Obudu mọ wáyà tó ń gbé èèyàn lófuurufú. Ìyẹn so rọ̀ ni o. Èyí ní ojú ọ̀nà tó ń tẹ̀.)

Ta ló ń fa wáyà?

Ní Las Vegas, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí tíráàmù kan fi wà níbi tó wà, kó béèrè ẹni tó ni ilé méjèèjì tó so pọ̀, àti ọdún tó ni wọ́n.

Ilé-iṣẹ́ Circus Circus Enterprises ló kọ́ Excalibur ní 1990, òun ló kọ́ Luxor ní 1993, òun náà ló kọ́ Mandalay Bay ní 1999. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Mandalay Bay tó gbówó lórí jù ló wà lókèèrè jù, níbi tí ẹsẹ̀ èrò kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n wá na wáyà láti ibẹ̀ lọ sí Excalibur níbi oríta, kí èrò oríta lè ṣàn wọlé. Lọ́rọ̀ kan, ìwọ̀ ni tíráàmù náà, ọ̀fẹ́ sì ni ìjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó gùn ún wá yóò jẹun, yóò mu ọtí, yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó ọkọ̀ ṣe mọ́?

Steve Wynn, oníṣòwò òtẹ́ẹ̀lì, ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Ó ṣí Mirage ní 1989, ó ṣí Treasure Island sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1993, ó sì fi tíráàmù so wọ́n pọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé náà bọ́ sọ́wọ́ MGM, ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. MGM ta Treasure Island fún oníṣòwò Phil Ruffin ní 2009, Mirage fúnra rẹ̀ wá di ti ilé-iṣẹ́ Hard Rock ní 2022. Ìyàwó ilé kan tẹ́lẹ̀ wá di aládùúgbò lásán. Lọ́jọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2024, Mirage ti ilẹ̀kùn kí wọ́n lè fi ilé tí wọ́n yà bíi gìtá kọ́ sórí ilẹ̀ náà, tíráàmù kò sì níbi tí yóò máa lọ mọ́. Kò sí ìjọba kankan tó jókòó rò ó bóyá ó yẹ kó wà. Olówó ló bí i, olówó ló sin ín.

Tíráàmù kan tún wà rí láàrín Bellagio àti Monte Carlo, nígbà tí àwọn tó ni Bellagio ní ìpín nínú Monte Carlo. Wọ́n wó o nígbà tí MGM fẹ́ kọ́ CityCenter, àkójọ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtajà, sáàárín wọn. Nígbà tí CityCenter ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Doppelmayr ti kọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Aria Express báyìí. Ó gùn tó bíi mítà 640: láti Bellagio àti Vdara, ó dúró ní Aria àti ilé ìtajà Crystals, ó sì parí sí Park MGM, tí í ṣe Monte Carlo àná. Òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nìyí. MGM ti ra ilé-iṣẹ́ tó ni Mandalay Bay ní 2005, nítorí náà láti ọdún 2009 tí Aria Express ti ṣí, abẹ́ àkóso kan náà ni tíráàmù méjèèjì wà. Òtẹ́ẹ̀lì kan péré, New York-New York, ló wà láàrín Excalibur tí èkíní parí sí àti Park MGM tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́ MGM náà sì ni. Síbẹ̀ tíráàmù méjèèjì kò pàdé. Ọdún tó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ti kọjá, àlàfo náà ṣì wà. Bí mo ṣe rò ó, àlàfo yẹn gan-an lèrè wà: ẹni tó ń fẹsẹ̀ gba inú New York-New York kọjá ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kọjá. Láyé àtijọ́, títì tó ń yí fúnra rẹ̀ ní Caesars Palace a máa gbé èèyàn wọlé láti etí Strip, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jáde yóò wá ọ̀nà tirẹ̀ rìn.

Nǹkan ọ̀fẹ́ pàápàá ń dínkù. Láti 2016 ni MGM ti bẹ̀rẹ̀ sí gba owó páàkì ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lórí Strip, níbi tí páàkì ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Tíráàmù ṣì bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn tó sì ń fọ abọ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ rí i lò, nítorí kò dé àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Bọ́ọ̀sì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Deuce ló ń ná Strip tọ̀sán tòru, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Monorail, tó fẹ́ so gbogbo ilé pọ̀

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà tí kì í ṣe ti olówó kan ṣoṣo rí. Ní 1995, òtẹ́ẹ̀lì MGM Grand àti Bally's pawọ́ pọ̀ gbé monorail kan kalẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ àlòkù láti Disney World bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti wáyà, mọ́tò wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2004, wọ́n nà án títí ó fi ní ibùdó 7, ó sì gùn tó kìlómítà 6 ó lé díẹ̀. Dọ́là mílíọ̀nù 650 ni wọ́n ná. Kò tíì pé oṣù méjì tí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́ lára ọkọ̀ náà láti òkè, wọ́n sì tì í pa títí di oṣù Kejìlá.

Ojú ọ̀nà rẹ̀ ló pa á lára jù. Ẹ̀yìn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló gbà. Ẹni tó wà létí Strip gbọ́dọ̀ rìn gba inú ilé tẹ́tẹ́ já kó tó rí i. Kò dé pápákọ̀ òfuurufú rí, bẹ́ẹ̀ sì ni pápákọ̀ náà kò jìnnà. Ó jẹ gbèsè dé kóòtù ní 2010, ó tún dé ibẹ̀ ní 2020. Ọdún 2020 yẹn ni LVCVA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní Las Vegas, rà á ní dọ́là mílíọ̀nù 24. Ara ohun tó mú wọn rà á ni pé ẹ̀tọ́ tí monorail ní tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè la ọ̀nà ọkọ̀ mìíràn sí ìtòsí rẹ̀. Àjọ náà kò sì fi pa mọ́ pé ọjọ́ orí ọkọ̀ náà ti ń lọ sópin: kò sẹ́ni tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ti ń ṣòroó rí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀. Ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé sókè tí kò fara kan ilẹ̀ ló ń gbé èrò láàrín pápákọ̀ òfuurufú àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti 1984. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ń gbé èrò lójoojúmọ́ lágbàáyé. Ní 1995, wọ́n pa á tì, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣeé rí rà mọ́. Ohun tí wọ́n gbé sórí afárá kan náà ní 2003 ni tíráàmù tí wáyà ń fà, ọmọ ìyá ti Mandalay Bay. Ó ṣì ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń gba Luton wọ London náà ti gun ẹ̀yà rẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 2023, èyí tí wọ́n ń pè ní DART. Ìjọba ìbílẹ̀ Luton ló ni ín, kò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́: pọ́n-ùn 4.90 ni wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n ṣí i, fún ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ariwo sì sọ. Àwọn tó bá sì gba Doha kọjá láti Èkó ti rí i nínú pápákọ̀ Hamad, tó ń yọ́ kọjá lókè orí èrò nínú ilé. Ní Venice nílẹ̀ Ítálì, ó ń gbé èrò láti erékùṣù tí mọ́tò ń dúró sí wọ Piazzale Roma láti 2010. Kò sí èyí tó ní ilé tẹ́tẹ́ lẹ́nu ọ̀nà nínú wọn. Àwùjọ ló gbé wọn kalẹ̀, wọ́n sì ń lọ síbi tí èèyàn fẹ́ lọ.

Ihò abẹ́ ilẹ̀ àti pápá ìṣeré

Ohun tí Las Vegas yàn ní báyìí ni ihò. Strip fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìjọba ìlú Las Vegas. Clark County ló ń ṣàkóso rẹ̀. Wọ́n ti fún The Boring Company, ilé-iṣẹ́ Elon Musk, láyè láti gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó tó máìlì 68, pẹ̀lú ibùdó 104. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gbọ̀ngàn àpérò ìlú ní 2021 ti ń na ẹ̀ka sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan. Ọkọ̀ Tesla ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà èèyàn ló jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ ìwakọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 1999 ni ọkọ̀ Mandalay Bay ti ń lọ láìsí ẹnikẹ́ni níwájú.

Ilé-iṣẹ́ náà ló ń fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ihò, òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló sì ń sanwó ibùdó tirẹ̀. Ẹni tí kò bá sanwó, ọkọ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìdúró. Ìwà àtijọ́ náà ló wọ ilẹ̀ lọ yìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ihò lè dé ojúlé púpọ̀, wọ́n sì ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò.

Èyí tó máa dán gbogbo wọn wò ni oríta Tropicana. Wọ́n fi àdó olóró wó òtẹ́ẹ̀lì Tropicana lulẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń kọ́ pápá ìṣeré Athletics, ẹgbẹ́ baseball, sí. Ọdún 2028 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí i. Ní òdìkejì títì ni Excalibur wà, pẹ̀lú ibùdó tíráàmù tí kì í gba kọ́bọ̀. Níbi igun mìíràn oríta náà ni MGM Grand wà, ibẹ̀ sì ni monorail ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àwòrán, ẹ lè fi ọwọ́ kan bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú tíráàmù ní Excalibur, ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá Tropicana Avenue, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ New York-New York. Ẹ gun afárá kejì kọjá Strip, ẹ wọ MGM Grand. Ẹ máa rìn lọ, ẹ gba àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kọjá, ẹ gba iwájú àwọn ilé oúnjẹ kọjá, títí ẹ ó fi já sí ẹ̀yìn ilé pátápátá. Ibẹ̀ ni ibùdó monorail wà.